Ohun tí sẹ́ẹ̀lì ara yín ń ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kúrò lórí tábìlì radiotherapy

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ délẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé radiographer ni mí, mainland Èkó níbí náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ní jẹjẹrẹ la sì ń fi ìtànṣán (radiation) tọ́jú, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní radiotherapy. Wọ́n lè ti Muṣin wá o, wọ́n lè ti Agége wá o, kódà Ìkòròdú, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ò ju ọ̀kan lọ: ṣé nǹkan yìí ò ní jó gbogbo ara mi tán báyìí?

Ìbéèrè gidi ni, ohun tó sì ń dùn mí ni pé ìdáhùn tí wọ́n máa ń rí gbà ò ju "ẹ fọkàn balẹ̀ Mummy, kò sí nǹkan" lọ. Nǹkan wà kẹ̀! Radiation ń ba nǹkan jẹ́ nínú ara lóòótọ́, torí ẹ̀ gan-an la ṣe ń lò ó. Ohun tí wọn kì í sọ fún wọn ni pé ara wọn fúnra ẹ̀ máa ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, kí wọ́n tó dìde lórí tábìlì ó ti bẹ̀rẹ̀, orí àtúnṣe yẹn sì ni gbogbo ìtọ́jú yìí dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí DNA, ìyẹn ìwé ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé, lẹ́tà lẹ́tà ni wọ́n tò ó. DNA inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ bá tú u tẹ́ ẹ nà án, á tó mítà méjì, àmọ́ ó ká jọ síbi tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Fọ́nrán méjì ló wé mọ́ra, ohun tó wà lára ọ̀kan ló ń sọ ohun tó yẹ kó wà lára èkejì. Tí ìtànṣán bá gba inú sẹ́ẹ̀lì kọjá ó lè já DNA yẹn tààrà, àmọ́ pẹ̀lú irú x-ray tí à ń lò, èyí tó pọ̀ jù gba ara omi ni, torí omi ló kún inú sẹ́ẹ̀lì, ìtànṣán á fọ́ omi yẹn, nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní hydroxyl radical á jáde látinú ẹ̀, kì í pẹ́ láyé rárá, àmọ́ DNA tó bá fara kàn nítòsí á bà á jẹ́.

Gray la fi ń wọn iye ìtànṣán tó wọ ara. Gray 1 péré, nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, á já fọ́nrán kan níbi tó tó 1,000, á sì já fọ́nrán méjèèjì pa pọ̀ níbi tó tó 30 sí 40. Èyí tí à ń fún èèyàn lójúmọ́ sábà máa ń tó Gray 2. Ẹ ti rí i pé kì í ṣe kékeré.

Tó bá jẹ́ fọ́nrán kan ló já, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro. Purotéènì kan (àwọn purotéènì ni òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì) tó ń jẹ́ PARP1 á débẹ̀ kíá, á pe àwọn tó máa tún un ṣe, wọ́n á wo fọ́nrán kejì tí ò já, wọ́n á dí àlàfo, ó parí. Àní láìsí radiation rárá, DNA inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń bàjẹ́ níbi ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójoojúmọ́, omi inú sẹ́ẹ̀lì àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí à ń lò láti fi gbé ara ró náà ń bà á jẹ́, à ò sì mọ̀ torí wọ́n ń tún un ṣe. Tomas Lindahl wà lára àwọn tó fi èyí hàn ayé, òun àti Paul Modrich pẹ̀lú Aziz Sancar ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místìrì lọ́dún 2015 lórí àtúnṣe DNA.

Èyí tó le ni kí fọ́nrán méjèèjì já lójú kan náà. Kò sí èkejì tí wọ́n máa wò mọ́, etí DNA ti dá dúró gedegbe, ó lè lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí kì í ṣe tiẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà sì lè kú sí i.

Báwo wá ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ pé nǹkan já? Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó. Àwọn purotéènì mẹ́ta kan wà tí wọ́n máa ń so pọ̀ rìn, MRE11, RAD50 àti NBS1, àwọn ni wọ́n máa ń di etí tó já mú. Bí wọ́n bá ti dì í mú wọ́n á pe purotéènì míì tó ń jẹ́ ATM. Nígbà tí kò sí wàhálà, ATM máa ń so mọ́ ATM bíi tiẹ̀ ní méjì méjì, kì í sì í ṣe nǹkan kan, àmọ́ bí ìpè bá ti dé wọ́n á tú ká, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. DNA kì í dá wà, ara àwọn purotéènì tó ń jẹ́ histone ló máa ń wé mọ́, ọ̀kan nínú wọn ni H2AX. ATM á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ èròjà kékeré kan tó ń jẹ́ phosphate mọ́ H2AX tó wà nítòsí ibi tó já, á lọ sápá ọ̀tún á lọ sápá òsì, ó lè lọ jìnnà tó mílíọ̀nù lẹ́tà DNA, kí gbogbo àwọn tó ń bọ̀ wá ṣàtúnṣe lè rí ibẹ̀. Emmy Rogakou àti William Bonner pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ló gbé ọ̀rọ̀ H2AX yìí jáde lọ́dún 1998.

Mo ti rí i lójú ara mi, nígbà tí mo ṣì wà níléèwé. Wọ́n kun sẹ́ẹ̀lì kí H2AX tó ti gba phosphate lè yọ ní àwọ̀ ewé, wọ́n gbé e sábẹ́ microscope, wọ́n sì fi hàn wá lójú kọ̀ǹpútà. Inú sẹ́ẹ̀lì tí wọn ò fi ìtànṣán kàn, búlúù lásán lẹ máa rí, bóyá àmì aláwọ̀ ewé kan tàbí méjì. Èyí tí wọ́n fi ìtànṣán kàn, tí wọ́n sì dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó wò ó, àwọn àmì aláwọ̀ ewé tíntìntín ti kún inú búlúù yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ibi tí fọ́nrán méjèèjì ti já, wọ́n ṣeé kà. Wọ́n wá fi sẹ́ẹ̀lì tó ti lo wákàtí mẹ́rìnlélógún hàn wá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù. Ẹnikẹ́ni ò fún un ní oògùn o, òun ló tún ara ẹ̀ ṣe. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn láéláé.

ATM ò sì dákẹ́ síbẹ̀. Á ránṣẹ́ sí àwọn purotéènì míì, á ránṣẹ́ sí CHK2, á ránṣẹ́ sí p53, p53 á ní kí wọ́n ṣe p21, p21 á ní kí sẹ́ẹ̀lì má tíì pín sí méjì títí àtúnṣe á fi parí. Tí ìbàjẹ́ bá pọ̀ jù, p53 yìí kan náà lè ní kí sẹ́ẹ̀lì kú kó má bàa kó àṣìṣe ran àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ ọmọ ènìyàn ni p53 wọn ti bàjẹ́, ẹ rántí ìyẹn, a ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àtúnṣe fọ́nrán méjèèjì máa ń gbà jù. Ẹ wo télọ̀ tí ankara ya mọ́ lọ́wọ́ ní Tẹ̀júoṣó, tó bá ń kánjú á fa etí méjèèjì pọ̀, á gé òwú tó yọ, á rán an, aṣọ á dín díẹ̀ àmọ́ á ṣeé wọ̀. Bí ọ̀nà àkọ́kọ́ ṣe rí nìyẹn. Àwọn purotéènì Ku70 àti Ku80 á wọ etí DNA láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, wọ́n á pe DNA-PKcs, Artemis á gé èyí tí ò gún, ligase IV á so ó. Ó yá, kò sígbà tí kì í ṣiṣẹ́, àmọ́ lẹ́tà bíi mélòó kan lè sọnù. Ọ̀nà kejì ni ti télọ̀ tó ní aṣọ kan náà nílẹ̀ tó fi ṣe àwòkọ. Ìyẹn ò ṣeé ṣe àfi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti da DNA ẹ̀ kọ sí méjì ní ìmúrasílẹ̀ láti pín. BRCA1 á ṣètò etí tó já, BRCA2 á gbé RAD51 wá sórí ẹ̀, RAD51 á wá ẹ̀dà tó bá a mu lọ, wọ́n á da ohun tó sọnù kọ látibẹ̀ láìsí àṣìṣe.

Ẹ ti gbọ́ orúkọ BRCA yẹn rí, ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n mọ́ jẹjẹrẹ ọmú. Ẹni tó bá jogún BRCA tó bàjẹ́, ọ̀nà kejì yẹn ló ń dà láàmú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di ẹni ńlá ní Chicago, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí Ìbàdàn jáde lọ́dún 2018: nínú obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, 7 nínú 100 ló jogún BRCA1 tó bàjẹ́, nǹkan bí 4 nínú 100 ló jogún ti BRCA2. Ìyẹn pọ̀. Tí ìyá yín àti àbúrò ìyá yín bá ní jẹjẹrẹ ọmú, ẹ má fi bò, ẹ sọ fún dókítà. Oògùn olaparib tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014, ibi àléébù yìí ló gbà wọlé, ó ń dí PARP1 lọ́wọ́, èyí tó já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á di èyí tó já lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ò ní BRCA tó dáa ò ní rí i ṣe, á kú.

Ó wá kan ohun tó jẹ́ kí n máa kọ gbogbo eléyìí. Ìyá kan tó ń ta ẹja ní ọjà Ojúwòyè, èèyàn dáadáa gan-an ni wọ́n, wọ́n dé ọ̀sẹ̀ kẹta ìtọ́jú wọn, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní: "Dókítà mi, ó ti rẹ̀ mí. Jẹ́ n sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan kí ara ráyè tún ara ẹ̀ ṣe, màá padà wá." (Wọn kì í yé pè wá ní dókítà.) Èrò wọn ò burú, wọ́n ti mọ̀ pé ara ń tún ara ẹ̀ ṣe. Mo ní, "Mummy, ìsinmi yẹn ti wà nínú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àtàná di òní, ìsinmi ni. Sátidé àti Sọ́ńdè, ìsinmi ni." Wọ́n wò mí títí.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ wa lágbára láti da gbogbo Gray náà jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àmọ́ ara tó dáa tó wà nítòsí ò ní gbà á. Torí ẹ̀ la ṣe ń pín in sí kékeré kékeré, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àwọn dókítà méjì, Claudius Regaud àti Henri Coutard, ní Paris ti rí i pé pípín in báyìí dáa ju kí wọ́n fún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà lọ, ẹnikẹ́ni ò tíì mọ bí DNA ṣe rí nígbà yẹn. Ara tó dáa máa ń parí èyí tó pọ̀ jù nínú àtúnṣe ẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, ó pẹ́ tán ọjọ́ kejì. Jẹjẹrẹ tí p53 ẹ̀ ti bàjẹ́, tàbí tí ọ̀nà àtúnṣe ẹ̀ ò pé, ṣì ń fi DNA tó já pín ara ẹ̀ sí méjì, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń kú sí. A tún dé lọ́jọ́ kejì kó tó gbádùn ara ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ kan kún ìsinmi, ara tó dáa ò fi bẹ́ẹ̀ jèrè nǹkan kan, ó ti ṣe tiẹ̀ tán. Jẹjẹrẹ ló máa jèrè, torí àwọn tó ṣẹ́ kù máa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ padà. Fún jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ, wọ́n ti ṣírò ẹ̀ pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ìtọ́jú bá fi kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìrètí láti kápá ẹ̀ ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 1 nínú 100. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ ò rọrùn, mo mọ ohun tí òjò ń ṣe sí títì wa, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kẹ́ ẹ mọ nǹkan tó máa ná yín.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bẹ̀rù àtigbé ọmọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ wa, ẹ gbé ọmọ yín. Ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán sí yín látìta, tó bá ti dákẹ́, ìtànṣán ti tán, kò sí èyí tẹ́ ẹ gbé lọ sílé.

Tẹ́ ẹ bá wá pàdánù ọjọ́ kan, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ tún ń bọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ. Nígbà míì a lè fi ti àná pọ̀ mọ́ ti òní, àárọ̀ kan ìrọ̀lẹ́ kan, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tó wákàtí mẹ́fà ó kéré tán láàárín méjèèjì kí ara lè ráyè tún ara ẹ̀ ṣe, dókítà àti physicist ló sì máa ṣírò ẹ̀, kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fojú díwọ̀n. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn káàdì tí wọ́n fún yín, ẹ pè wá lọ́jọ́ yẹn gan-an.