N Kò Kú Sábẹ́ Ìsọ̀: Ẹ Bá Mi Dúpẹ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi yin Ọlọ́run lógo! Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe ní Ìjìgbò, ní Adó-Èkìtì, kí ikọ́ tó dé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òógùn á bò mí bí ẹni tí òjò pa. Ṣòkòtò tí mo fi ọwọ́ ara mi rán wá ń já bọ́ nídìí mi. Ta ni yóò gbé aṣọ fún télọ̀ tó ń wúkọ́ lé aṣọ lórí? Oníbàárà sá, owó ilé pé, onílé kó ẹrù mi síta. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkẹ́rẹ́ ní kí n má wọlé òun nítorí àwọn ọmọ. N ò bínú sí wọn, ẹ̀rù ló bà wọ́n.

Bí mo ṣe dẹni tó ń sùn lábẹ́ ìsọ̀ lọ́jà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fo ìyẹn.

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ló lọ sọ̀rọ̀ mi fún àwọn tó ń bójú tó ilé àánú kan. Wọ́n wá gbé mi. Wọ́n ní kí n wúkọ́ sínú ike kékeré kan, wọ́n gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò. Ikọ́ ife ni. Mo ní, "Níbo ni n ó ti rówó?" Nọ́ọ̀sì ní ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba, pé oṣù 6 ni n ó fi lò ó, lójoojúmọ́: oríṣi 4 fún oṣù 2 àkọ́kọ́, oríṣi 2 fún oṣù 4 tó kù.

Oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, ó dáa. Ṣùgbọ́n ara tí kò rí jẹ, tí kò rí ibi sùn, ṣé oògùn nìkan lè gbé e dìde? Ibí gan-an ni ọpẹ́ mi wà. Yàrá kan ni wọ́n fún mi lọ́tọ̀, wọn kì í ti fèrèsé rẹ̀, kí n má baà kó o ran àwọn yòókù. Láràárọ̀, Màmá tó ń darí ilé náà á dúró tì mí títí n ó fi gbé oògùn mì, á ní kí n la ẹnu kí àwọn wò ó. Lọ́jọ́ kan mo tọ̀, mo rí i pé ó pupa, mo figbe ta pé ẹ̀jẹ̀ ni. Màmá rẹ́rìn-ín: "Àwọ̀ oògùn ẹ nìyẹn. Jókòó jẹ́ẹ́."

Ọjọ́ tí mo béèrè iyán ni gbogbo ilé hó yè! Ẹ ṣáà mọ̀ wá l'Èkìtì: aláìsàn tó bá ti ń béèrè iyán, ẹ ká ẹní ẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Mo lo oògùn náà parí. Wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe, wọn ò rí kòkòrò kankan mọ́. Wọ́n gba yàrá fún mi ní Òkè-Ìlá, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí sì fún mi ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣàìsàn. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́, Ọlọ́run á dá a padà fún yín.

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà kí n wọ̀n yín. Mo ti ra aṣọ bùbá àti ìró yín sílẹ̀, n kò sì ní gba kọ́bọ̀.