Búrẹ́dì kan ló wà láàárín táyà àti orí mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbé ògo fún Ọlọ́run. Bí kì í bá ṣe Olúwa tó wà fún mi, inú aṣọ ọ̀fọ̀ ni ìyàwó mi ì bá wà báyìí.

Búrẹ́dì ni mo ń tà. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo fi ń gbé e fún àwọn ẹlẹ́wà àti onítíì káàkiri Òṣogbo. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago méje kò tíì lù, mo ń bọ̀ láti Ògo-Olúwa, mo forí lé Ọláìyá, ọgbọ̀n búrẹ́dì wà nínú páálí lẹ́yìn mi. Ọkọ̀ páàkì tò sétí títì, èmi náà sì fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn, kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà gbá mi. Ẹ̀yìn nìkan ni mò ń bẹ̀rù.

Gbà! Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan ṣí. Dírẹ́bà fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kò wẹ̀yìn. Etí ilẹ̀kùn náà kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi lápá ọ̀tún, táyà iwájú yí sọ́tùn-ún lójijì, èmi fò sósì. Ibẹ̀ gan-an ni ikú sá pamọ́ sí: ẹni tí ilẹ̀kùn bá gbá, àárín títì ló máa ń bọ́ sí, níwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Típà tó ru yanrìn ló ń bọ̀. Mo gbọ́ igbe bíréèkì rẹ̀ kí n tó rí i. Nígbà tí mo lajú, táyà rẹ̀ ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, mò ń gbóòórùn rọ́bà tó jó. Búrẹ́dì kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Táyà ti tẹ ìdajì rẹ̀ pẹlẹbẹ, ìdajì kejì ṣì wú bó ṣe wà, ọ̀rá rẹ̀ kò tilẹ̀ ya. Mo ké "Jésù!" lẹ́ẹ̀kan, ohùn kò jáde mọ́.

Àlàájà kan tó ń ta ẹ̀wà nítòsí ló tú ìborùn rẹ̀, ó fi di apá mi mọ́ àyà. Dírẹ́bà tó ṣílẹ̀kùn kò sá. Ó ń gbọ̀n, ó ń wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, n ò rí yín ni." Òun ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, òun ló sanwó. Mo ti forí jì í látọkàn wá. Egungun èjìká òsì ló kán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi so apá kọ́rùn, ó sì ti jinná.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín síbí. Láti oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti fi wíwakọ̀ lọ́wọ́ òsì títì sílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, apá òsì ọkọ̀ ni dírẹ́bà wa ń jókòó. Bó bá páàkì sétí títì, ojú títì gan-an ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sí. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ wo jígí, kí ẹ sì fi ọwọ́ ọ̀tún ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ tó jìnnà sí i. Ẹ dán an wò lónìí: ọwọ́ náà kò ní í débẹ̀ àfi bí àyà yín bá yí, ojú yín yóò sì bá a wẹ̀yìn. Ọmọ mi ló kà á fún mi lórí ibùsùn pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Netherlands, àti pé ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi kún tiwọn láti 2022. Ọmọdé tó bá jókòó lẹ́yìn lápá òsì, ẹ kọ́ òun náà.

Ní tèmi, ààyè tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, bíi mítà kan, ni mò ń fi sílẹ̀ báyìí. Bí mo bá rí orí èèyàn nínú ọkọ̀, tàbí iná ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, mo ti tẹ bíréèkì. Bí àyè kò bá sí, màá sọ̀ kalẹ̀, màá tì í. Àwọn kórópé ń fọn fèrè mọ́ mi pé mo gba títì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún wa. Ilẹ̀kùn là ń yẹ̀ fún.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ni mo pa dà sẹ́nu iṣẹ́. Mo gbé búrẹ́dì mẹ́ta fún Àlàájà, ó sunkún, èmi náà sunkún. Dírẹ́bà típà yẹn nìkan ni n kò tíì rí. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe gbé mi kúrò nílẹ̀ tán ló wakọ̀ lọ. Ìwọ tó wa típà oníyanrìn lọ́nà Gbọ̀ngán láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ lórí bíréèkì láé. Mo ṣì ń wá ọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń yọ búrẹ́dì kan sọ́tọ̀ fún ọ.