Kí ẹ tó yan sẹ́kọ́ńdìrì fún ọmọ yín

Kíláàsì kẹfà ni mò ń kọ́ n'Íbàdàn, èmi náà ni mo sì máa ń bá àwọn òbí jókòó bí Common Entrance, ìdánwò àtiwọ iléèwé ìjọba àpapọ̀ tí NECO ń ṣe, bá ti sún mọ́lé. Iléèwé ìjọba àpapọ̀ méjì lọmọ máa yàn, èkíní àti èkejì. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí bébà kí á tó dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí ọmọ rò nípa ara rẹ̀ ló ń bá a yan iléèwé.

Ọmọbìnrin kan wà tí ìṣirò kì í dà láàmú rárá. Ó kọ Queen's College, iléèwé àwọn obìnrin l'Ékòó, sí èkíní, ó tún fi ìrésà pa á rẹ́ títí bébà fi ya. Mo ní kí ló dé. "Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi lolórí pípé nílé wa." Kò sẹ́ni tó pè é jókòó sọ bẹ́ẹ̀ fún un o. Ọ̀rọ̀ tí bàbá wọn fi ń yangàn lójú àlejò ni, etí òun náà sì wà níbẹ̀.

Mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Mi ò wàásù, ìwé iṣẹ́ ọmọ náà ni mo gbé síwájú rẹ̀ pé kó máa ṣí i fúnra rẹ̀. Aṣọ ló ń tà ní Gbági, kò ráyè kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bó bá dé lálẹ́, á ní kí ọmọ ṣàlàyé èyí tó ṣe lónìí fún òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí á fi ọmọ sílẹ̀ kó yan èyí tó wù ú, mi ò bá yín lọ síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè yan iléèwé torí yúnífọ́ọ̀mù. Òbí ló mọ owó tó wà nílẹ̀, òun ló mọ̀ bí ọmọ tó ní ikọ́ fée, tàbí tó ṣì ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ṣe máa gbé bọ́dìn. Òbí náà ló yẹ kó wádìí máàkì tí wọ́n ń gbà, torí kò dọ́gba láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Àmọ́ kí bàbá má kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ lọmọ máa wò kó tó dáhùn. Ẹ mú un lọ wo iléèwé náà lọ́jọ́ iṣẹ́, kó fẹnu ara rẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ má sì fi ti èkejì ṣeré. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á, kó má gbọ́ nílé pé èkíní ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà ló máa lò níbẹ̀.