Mò ń múra àtilọ sóko kọfí o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí mo kọ nǹkan síbí, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ìwádìí ni kò jẹ́ kí n ráyè mí, mo fẹ́ lọ bá àwọn àgbẹ̀ kọfí ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí, kí n gbọ́ ohun tí ojú wọn ń rí bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí yìí. Àwọn kan ní ṣé kọfí wà ní Nàìjíríà ni. Ó wà! Oríṣi kọfí tí wọ́n ń pè ní robusta ló pọ̀ jù, oríṣi kejì, arabica, ni wọ́n ń gbìn lókè Mambilla ní Taraba torí ibẹ̀ ga, ó sì tutù.

Ohun tó ń tì mí lójú ni pé mo ti kọ proposal lórí kọfí tán kí n tó fojú rí igi ẹ̀, inú agolo la ti mọra wa. Mo bá gba CRIN lọ, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí kòkó àti kọfí, ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Ìbàdàn níbí. Ewé ẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á. Ṣé ẹ mọ̀ pé òjò ló ń jí òdòdó ẹ̀? Gbogbo ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló máa ká sójú kan, tí òjò gidi bá ti wá rọ̀, bí ọ̀sẹ̀ kan sígbà yẹn gbogbo oko á funfun báláú, á máa ta sánsán. Robusta kì í sì í dá gbọ́ tara ẹ̀, àtíkè òdòdó igi míì ló ń lò kó tó so, torí náà àfi kí wọ́n jọ tanná lẹ́ẹ̀kan náà. Tí òjò bá wá ń rọ̀ díẹ̀ lónìí, tó dá, tó tún padà rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lòdòdó á máa yọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lèso náà á máa pọ́n, àgbẹ̀ á wá máa san owó lébìrà ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ká a. Èmi tí mo kàn kọ "ṣé òjò ń rọ̀ tó?" sínú ìwé ìbéèrè mi, hmm.

Ìwé ìbéèrè yẹn náà, ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Mo fi dán bàbá ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ àgbẹ̀ ní Ìjùmú wò lórí fóònù. Mo kí wọn ní "Òkun o", bí wọ́n ṣe ń kíra wọn lọ́hùn-ún, inú wọn dùn. Ṣé òjò ti dínkù, sà? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé òjò ti wá pọ̀ jù? Bẹ́ẹ̀ náà ni! Mo bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìdáhùn tó o fẹ́ ti wà nínú ìbéèrè ẹ, mi ò fẹ́ já ẹ kulẹ̀ ni." Wọ́n wá sọ pé òjò kọ́ ló kọ́kọ́ lé àwọn nídìí kọfí. Ìjọba tú bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó àti kọfí ká ní 1986, owó kọfí tún já wálẹ̀ lágbàáyé ní 1989, ni wọ́n bá gbin kaṣú sí ìdajì oko.

Mo ti tún gbogbo ẹ̀ kọ. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ àti ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ ni mo máa kọ́kọ́ bi wọ́n, ẹnu mi ò ní dárúkọ òjò àfi táwọn fúnra wọn bá dá a sílẹ̀. Mi ò sì ní béèrè "ọdún mélòó sẹ́yìn" mọ́, ọdún tí bọ́ọ̀dù kú, ọdún June 12, irú èyí làwọn àgbà fi ń rántí nǹkan, lẹ́yìn náà màá lọ fi wé àkọsílẹ̀ òjò NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́.

Bàtà òjò ti wà nínú báàgì, rẹ́kọ́dà, bátìrì, obì tí màá fi kí baálẹ̀, màmá mi tún ti ki gààrí bọ̀ ọ́. Bàbá ní àwọn máa pè mí tí òdòdó bá ti là lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, pé kí n wọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an torí kì í pẹ́ tó fi ń rọ. Fóònù mi ò kúrò lọ́wọ́ mi látàná.