Ewé rọ́bà méjì tó sọnù nínú ẹ́ńjìnnì àna mi

Ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n mọ̀ mí mọ́ ní Gáà Akánbí, ní Ìlọrin. Àwọn Lister ńlá tó ń kọ "túkù-túkù" lẹ́yìn ilé àwọn ìyá tó ń lọ ata àti èlùbọ́, èmi ni mo máa ń tú wọn, èmi náà ni mo máa ń tò wọ́n padà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pè mí láti Jẹ́bà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé àwọn ti ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, kí n wá bá àwọn wò ó, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi rín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì ata ni mo mọ̀. N ò tilẹ̀ mọ̀wẹ̀." Wọ́n ní, "Ṣé abẹ́ omi ni o ó ti tún un ṣe ni? Máa bọ̀ jàre."

Yanmar 2GM20 ni, onísílíńdà méjì. Ara ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan ni wọ́n ti tú u ní Èkó, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ní etí odò wọn níbẹ̀, Yamaha oníbẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ìdí ọkọ̀ ni gbogbo èèyàn ń lò. Tó bá bàjẹ́, ẹni tó máa tún un ṣe kò jìnnà. Ti àna mi nìkan ló jókòó sínú ikùn ọkọ̀ bí ìyàwó tuntun tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Wọ́n rà á nítorí pé dísẹ́ẹ̀lì kì í jẹ epo tó bẹntiróòlù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn yàtọ̀ sí epo.

Lister ilé ata, dúrọ́ọ̀mù omi kan ló ń tù ú lára. Yanmar yìí, odò gan-an ló ń mu. Pọ́ǹpù kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tó ń fa omi Ọya wọlé. Omi náà á gba ara ẹ́ńjìnnì kọjá, á lọ pàdé èéfín lẹ́yìn, àwọn méjèèjì á sì jọ jáde sódò. Inú pọ́ǹpù yẹn ni ìmpẹ́là wà, rọ́bà kan tó ṣe ribiti bí òdòdó, tó ní ewé mẹ́fà. Gbogbo ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì náà wà lọ́wọ́ rọ́bà yìí. Omi Ọya sì kún fún yanrìn, pàápàá nígbà òjò, yanrìn ọ̀hún á máa ha rọ́bà bí ẹni ń rin ẹ̀gẹ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ti èṣí rèé. Mo tú pọ́ǹpù, mo rí i pé ewé méjì ti já kúrò lára ìmpẹ́là. Mo ju ògbólógbòó nù, mo ki tuntun bọ̀ ọ́, mo dé e, mo sì wọ mọ́tò padà sí Ìlọrin kí ilẹ̀ tó ṣú. N ò bi ara mi léèrè ibi tí ewé méjì yẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ rọ́bà kì í yọ́ sínú omi.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, àna mi wà láàárín odò pẹ̀lú iṣu àti èèyàn mẹ́rin, ni èéfín funfun bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú nídìí ọkọ̀, tí òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo ibẹ̀. Fèrè kan wà tó yẹ kó ké bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbóná jù, ṣùgbọ́n ẹni tó lò ó ṣáájú ti gé wáyà rẹ̀, bóyá ariwo rẹ̀ ń dí i lọ́wọ́ oorun. Àna mi pa ẹ́ńjìnnì. Omi ń gbé wọn lọ títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sórí òkìtì yanrìn. Kò sí ẹni tó fara pa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lágbègbè Pàtígi ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí àwọn tó ń bọ̀ láti òde ìyàwó bá omi lọ, èèyàn tó lé ní 100, ta ni mo fẹ́ sọ fún ní Kwara pé ọkọ̀ tó kú láàárín odò, nǹkan kékeré ni? Ìyàwó wọn pe ìyàwó mi. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì.

Mo lọ nígbà náà, mo fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn gba àwọn ọ̀pá rọ́bà rẹ̀, omi ń kọjá díẹ̀, mo ní kí wọ́n máa rọra lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe parí ọdún, wọn ò jẹ́ sá ju ìlàjì eré lọ.

Ọdún yìí, mo wéwèé pé n ó lọ ní ìparí oṣù kẹrin, n ó sì sùn níbẹ̀. Láti ọdún 1968 tí wọ́n ti dí odò náà ní Kainji, tí dáàmù Jẹ́bà náà sì tún tẹ̀ lé e, omi Ọya ò gbọ́ ti òjò nìkan mọ́. Síbẹ̀, òjò ni iṣẹ́ àna mi ń wò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n á fa ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò. Tí òjò bá ti rinlẹ̀, kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti máa tú bóòtù. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi la jọ lọ. A jẹ wàrà ní Bódè Sáàdú, a dé Jẹ́bà kí oòrùn tó mú.

Ká tó tú ohunkóhun, a ki ọ̀pá rọ́bà tó ń fa omi bọ garawa, a tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi tó ń jáde lẹ́yìn ń kán tó-tó-tó bí arúgbó tó ń tọ̀. Mo wo àna mi, àna mi wo mi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Kò sí bí èèyàn ṣe lè wọ abẹ́ rẹ̀ láti tú ọ́ìlì dànù bíi ti Lister, ihò ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì la ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fà á, bíi lítà méjì. Ó dúdú bí àdí. Ara tù mí, torí pé ká ní ó funfun bí ẹ̀kọ tí wọ́n da mílíìkì sí ni, á jẹ́ pé omi ti wọ inú. Ohun tí mo bá wọn jà lé lórí ni pé ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé ọkọ̀ sókè lóṣù kejìlá ló yẹ kí wọ́n ti yí i. Ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ tán máa ń ní oró tó ń jẹ irin, kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì fún oṣù mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ewé mi.

Ìmpẹ́là èṣí ṣì pé mẹ́fà, àmọ́ ewé rẹ̀ ti tẹ̀, ó sì ti le. Mo ti wá tuntun dé Táíwò Ìsàlẹ̀, níbi tí ẹnì kan ti gbé ọ̀kan jáde tó ní "ó jọ ọ́". Ó jọ ọ́ lóòótọ́, bí ewúrẹ́ ṣe jọ àgùntàn. Èkó la ti wá rí i. Mo fi ọṣẹ pa á lára kí n tó tì í wọlé, girísì máa ń ba irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dé e, mo tú ọ̀pá tó gbé omi láti pọ́ǹpù wọ ara ẹ́ńjìnnì. Ní ọrùn ibẹ̀, ibi tó ti fún jù, ewé kan dábùú, ẹrẹ̀ sì ti mọ odi yí i ká. Mo fi wáyà kan fà á jáde. Ó ku ọ̀kan.

Mo ní ó ti ní láti dé ilé tẹ́mọ́sítáàtì lókè, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Bóòtù mẹ́rin ló dè é, irin lásán nínú álúmíníọ̀mù. Àwọn méjèèjì yìí kì í gbé pọ̀ nínú omi kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra. Mo da kẹrosíìnì sí wọn mọ́jú, mo ń fi òòlù kékeré kàn wọ́n lórí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mẹ́ta gbọ́. Ìkẹrin já sínú. Àna mi, ọmọ Ọ̀ffà, rí àyè: "Ẹ̀yin ará Ìlọrin! Òkúta tí ẹ fi ń lọ irin ṣì wà ní Ìdí-Apẹ́, ẹ ò wá lè tú bóòtù kan." Odindi ọjọ́ kan lọ sórí bóòtù yẹn. A ya jẹnẹrétọ̀, a lu ihò sí i láàárín, díẹ̀díẹ̀, títí a fi họ ìyókù rẹ̀ kúrò.

Ewé ò sí níbẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti ṣí i, mo yọ tẹ́mọ́sítáàtì, mo wẹ̀ ẹ́, mo sì sọ ọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣí. Ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó wọn ni, mi ò sì tọrọ rẹ̀. Irú èyí tó ń mu omi odò tààrà yìí, bíi 42°C ló ń ṣí, omi tí èèyàn ṣì lè fi wẹ̀. Nítorí òkun ni wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀: bí omi òkun bá gbóná jù, iyọ̀ inú rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ irin. Kò sí iyọ̀ nínú Ọya, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún tẹ́mọ́sítáàtì? Ó ṣí. Mo gé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, mo tẹ́ bébà lé ojú irin, mo ń fi òòlù gbá etí rẹ̀ títí ó fi gé ara rẹ̀.

Òkòtó síńkì tó wà lára ẹ́ńjìnnì náà, èyí tí wọ́n fi síbẹ̀ kí omi lè máa jẹ ẹ́ dípò irin gidi, ó ṣì tóbi. Inú àna mi dùn pé a ò ní ra òmíràn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àìjẹ tí wọn ò jẹ ẹ́ yìí ni mo ń bẹ̀rù." Nínú omi tí kò níyọ̀, síńkì máa ń da èèpo bo ara rẹ̀, á kàn jókòó síbẹ̀ láìṣiṣẹ́. Mágínísíọ̀mù ló yẹ omi bí irú tiwọn. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá a ní Èkó.

Ọ̀ràn táǹkì epo ni mo fi kádìí rẹ̀. Ìlàjì ni wọ́n fi í sílẹ̀ láti oṣù kejìlá. Òru tútù, ọ̀sán gbóná, bí ìrì ṣe ń sẹ̀ sára páànù ló ń sẹ̀ sínú táǹkì tó ṣófo. Mo tú díẹ̀ sínú ìgò oníke, mo gbé e sí oòrùn: omi wà nísàlẹ̀, epo lókè, ní ààlà àwọn méjèèjì ohun dúdú kan ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Kòkòrò tí ojú ò rí ló ń gbé níbẹ̀, epo gan-an ni oúnjẹ wọn. Àna mi ní àwọn tó ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà ló fa èyí. Mo ní àwọn yẹn ní ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n eléyìí, inú ilé yín la ti bí i. A da gbogbo rẹ̀ nù, a fọ táǹkì, a yí fílítà méjèèjì.

Yíyí fílítà ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọ páìpù epo, dísẹ́ẹ̀lì kò sì ní jó bí atẹ́gùn bá wà lọ́nà rẹ̀. A tú bóòtù kékeré orí fílítà, ọmọ iṣẹ́ mi ń fi ìka tẹ apá pọ́ǹpù epo. Kò mú nǹkan kan wá. Ó pariwo, "Ọ̀gá, pọ́ǹpù ti kú!" Mo fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, apá pọ́ǹpù sì sọjí, torí pé inú ẹ́ńjìnnì ló ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Epo ń hó jáde, títí tí ìhó fi tán. Lẹ́yìn náà la dẹ àwọn nọ́ọ̀tì orí nọ́súù tó ń fọ́n epo sínú sílíńdà, tí a ń yí ẹ́ńjìnnì. Níbí yìí ni kí ẹ fetí sí mi: mo ti omi pa ná. Bí ẹ bá ń yí i tí kò tíì jó, pọ́ǹpù ṣì ń fa omi, kò sì sí èéfín tó máa tì í jáde. Á kún ọ̀nà èéfín, á sì padà wọ sílíńdà.

Ó jó lẹ́ẹ̀kẹta. Mo sáré ṣí omi. Ó pọ̀ ọ́ jáde lẹ́yìn, pọ̀ọ́, pọ̀ọ́, ó dé ẹsẹ̀ àna mi. Wọ́n ń jó lórí yanrìn.

Èmi ò jó. Ewé kan ṣì ń rìn káàkiri nínú ẹ́ńjìnnì yẹn lójú tèmi. Mo sọ fún wọn pé a ó tún gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ tú lọ́la. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wọ inú ilé, wọ́n gbé agolo ìwọ̀ ẹja wọn jáde, wọ́n wá inú rẹ̀. "Ṣé irú èyí lo ń wá láti àná?"

Òun ni. Wọ́n ní lórí òkìtì yanrìn èṣí, àwọn fúnra àwọn tú ọ̀pá kan, ó sì já bọ́. "Mo rò pé sílípáàsì ẹnì kan ló já sódò."

Mo tò ó mọ́ èkejì lórí bẹ́ǹṣì. Ó di méjì. Ìyàwó wọn gbé iyán kalẹ̀, wọ́n sì rán mi létí pé mo jẹ àwọn ní ìkòkò ọbẹ̀ kan.