Programmer wo ni kí n rà?

Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo programmer, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ka dátà ara ẹ̀yà fóònù tó sì ń kọ ọ́ sínú òmíràn, tí mo fẹ́ rà fún iṣẹ́ àtúnṣe fóònù. Àwọn tó ń tà á ń ka iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ki oríkì: skrín, bátìrì, Face ID, kámẹ́rà. Èmi ò wá gbogbo ìyẹn. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó lè ka dátà ara skrín àtijọ́, kó sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́ dáadáa.

Ọdún 2017 ni True Tone, èyí tó ń mú kí àwọ̀ skrín bá ìmọ́lẹ̀ àyíká mu, dé orí iPhone, lórí iPhone 8 àti X. Dátà rẹ̀ wà nínú chip kékeré kan lára skrín náà. Tí a bá kàn já skrín tó fọ́ sọnù tí a so tuntun mọ́ ọn, True Tone á pòórá nínú Settings. Oníbàárà lè má mọ orúkọ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á sọ fún un pé fóònù òun ti yàtọ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní da skrín àtijọ́ nù kí n tó so flex rẹ̀ (okùn pẹlẹbẹ tó ń so skrín mọ́ fóònù) mọ́ programmer, kí n kà á, kí n fi í pamọ́, kí n wá kọ ọ́ sínú tuntun.

Láti ìgbà iOS 18, ní 2024, Repair Assistant, ètò Apple fún àtúnṣe, ti ń ṣe calibration (mímú kí ẹ̀yà tuntun bá fóònù mu) nínú fóònù fúnra rẹ̀, láti iPhone 12 sókè. Nítorí náà, irú fóònù tó ń wọlé sí mi jù ló yẹ kó pinnu ohun tí màá rà. Ti Android tó ń ka ìka lábẹ́ skrín tún yàtọ̀: rọ́bà kékeré aláwọ̀ ara èèyàn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe calibration tiwọn.

Ohun tó bí mi nínú ni àwọn tó ń polówó pé ẹ̀rọ àwọn ń sọ iye ìyípo chárjì bátìrì, ìyẹn iye ìgbà tí a ti lo odindi agbára rẹ̀, di òdo. Apple sọ pé bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ yẹ kó ṣì ní ìdá 80 nínú 100 agbára rẹ̀ lẹ́yìn ìyípo 500. Ẹni tó bá kọ òdo sára èyí tó ti lo 700, irọ́ funfun báláú ló tà fún oníbàárà, nítorí bátìrì tó ti gbó ti gbó nìyẹn.

Lọ́la, màá bi òǹtajà bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń gba update, àti bóyá mo lè ra board kékeré (pátákó tí a ń so ẹ̀yà fóònù mọ́ lára programmer) fún fóònù tuntun láìra odindi ẹ̀rọ mìíràn.