Dín orin yẹn kù, ọlọ́pàá wà níwájú

Tẹ́ ẹ bá wọ tásì Micra láti Òjóò lọ sí Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, ẹ ó ti mọ̀ pé ọlọ́pàá wà níwájú kẹ́ ẹ tó rí wọn, torí dẹ́rẹ́bà á kọ́kọ́ nawọ́ sí rédíò, á dín in kù. Kì í ṣe ẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀, àpọ́nlé ni. Á yọrí síta, "ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o", náírà tó ti ká pọ̀ ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, wọ́n á bọwọ́ bí àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ríra, mọ́tò á sún síwájú díẹ̀, orin á tún ròkè, ìyá kan lẹ́yìn á ṣépè fún wọn, gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Ti SARS nìkan, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè tí wọ́n ti tú ká ní 2020, ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nígbà náà, ìyẹn yàtọ̀, màá débẹ̀, torí ọ̀rọ̀ olórin àti ìyà táwọn ọlọ́pàá fi ń jẹni ni mo fẹ́ sọ.

Houston ni mò ń gbé báyìí, ó ti lé lọ́dún mẹ́tàlá. Lọ́jọ́ kan ọmọ mi ọkùnrin ló ń wa mọ́tò, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, à ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní títì Bissonnet, iṣu àti èlùbọ́ wà ní búùtù, ó ń gbọ́ rap ẹ̀ tí mi ò gbọ́ ju ìdajì lọ níbẹ̀. Bí iná ọlọ́pàá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lẹ́yìn wa báyìí, ọmọ yìí ò sọ nǹkan kan, kò tiẹ̀ dín orin náà kù, ó pa á pátápátá ni, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì, ó tẹjú mọ́ iwájú. Ẹ má dán an wò pé ẹ fẹ́ ká dọ́là mọ́wọ́ níbí o. Ọ̀gbẹ́ni náà ní iná ẹ̀yìn wa kan ò tàn, ó wo láísẹ́ńsì, ó ní ká lọ tún un ṣe, ó ní ká máa lọ. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì sọ̀rọ̀ burúkú sí wa. Àmọ́ a délé, ọmọ yẹn ò tan orin yẹn padà.

Àtọjọ́ yẹn ni àríyànjiyàn táwọn èèyàn máa ń ṣe, pé ṣé ó yẹ káwọn olórin hip-hop máa sọ̀rọ̀ lórí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú àbí kí wọ́n kàn máa kọrin wọn lọ, ti ń yé mi lọ́nà míì.

Nílé a ò kì í bèèrè bẹ́ẹ̀. Dúdú ló ń fìyà jẹ dúdú níbẹ̀, olórin tó bá láyà á sọ ọ́, èyí tí ò láyà á máa ki olówó. Ìjọba Western Region gbẹ́sẹ̀ lé ẹgbẹ́ eré Ògúndé ní 1964, sọ́jà dáná sun ilé Fela ní February 1977, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti pẹ́. Ní 2004 tí Eedris Abdulkareem, olórin rap, kọ Jaga Jaga pé Nàìjíríà ti dàrú, Poly Ìbàdàn ni mo wà, Ọbásanjọ́ fara ya, wọ́n ní kí rédíò má gbé e sáfẹ́fẹ́ mọ́, ńṣe ló kúkú wá ń dún nínú gbogbo tásì láti Sángo dé Ìwó Road. Falz, olórin rap míì, kọ This Is Nigeria tiẹ̀ ní 2018, wọ́n bu fáìnì 100,000 náírà fún ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Jos torí pé ó gbé e sáfẹ́fẹ́. Nígbà tó wá di October 2020, tí SARS ti ń da àwọn ọmọ tó gbé láptọ́ọ̀pù tàbí tó dirun láàmú kọjá àlà, Falz àti Runtown, olórin bíi tiẹ̀, bọ́ sójú títì l'Ékòó láti fẹ̀hónú hàn, ìbéèrè táwọn èèyàn wá ń bi àwọn olórin tó kù ni pé "ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ wà?"

Ti ibí lọ́jú pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé George Floyd tí ọlọ́pàá fi orúnkún tẹ̀ lọ́rùn pa ní Minneapolis ní May 25, 2020, Third Ward ní Houston níbí ló dàgbà sí, òun náà sì ti rap rí. Big Floyd ni wọ́n ń pè é, ohùn ẹ̀ wà lórí kásẹ́ẹ̀tì DJ Screw láwọn ọdún 1990, Screw yẹn tó máa ń fa orin títí á fi dà bíi pé ó ń tòògbé. Bábà tó ń gẹrun fún mi, ọmọ Third Ward lòun náà, ó tan ọ̀kan fún mi níjọ́ kan, ó dá ẹ̀rọ ìgẹrun dúró lórí ìdajì orí mi, ó ní, "Gbọ́ ọ, òun nìyẹn." Ohùn ńlá, tó wálẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣeré láàárín àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Mo jókòó tàṣọ-tàṣọ lọ́rùn, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹni tí gbogbo ayé ń ní káwọn olórin gbẹnu sọ fún, olórin ni òun fúnra ẹ̀!

Bun B àti Trae tha Truth, olórin rap ọmọ Texas níbí làwọn méjèèjì, wọ́n kó èrò jọ pẹ̀lú ẹbí Floyd ní June 2 ọdún náà, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí City Hall. Àwa ńkọ́? Pásítọ̀ wa wàásù ọ̀rọ̀ ìtẹ̀síwájú lórí Zoom ní Sunday yẹn, kò dárúkọ ẹni kankan, ẹnikẹ́ni ò sì bi í. Nínú gúrúùpù WhatsApp wa ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ àwọn akátá nìyẹn (bí wọ́n ṣe ń pe aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà), ká gbájú mọ́ ohun tá a torí ẹ̀ wá. Mo rí i, mi ò fèsì. Bí ẹni pé ọlọ́pàá máa ń bèèrè pé Ìjẹ̀bú ni yín àbí akátá kó tó tan iná.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè máa pariwo lé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kan lórí pé ó ń rap àmọ́ kò sọ̀rọ̀ lórí ìyà náà. Lil Wayne, olórin rap, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2016 pé Black Lives Matter, ìyẹn àwọn tó ń tako bí ọlọ́pàá ṣe ń pa aláwọ̀ dúdú, ò kan òun, wọ́n bú u débi tó fi tọrọ àforíjì, inú bí èmi náà. Àmọ́ òun náà ti sọ ọ́ pé nígbà tóun wà lọ́mọ ọdún 12 tí ìbọn bá òun ní New Orleans, ọlọ́pàá funfun ló dóòlà ẹ̀mí òun. Ohun tójú ẹ̀ rí ló ń sọ, ṣé kó wá parọ́ ni? Ẹni tí mo máa bi ní tèmi ni ẹni tó ń ta ìyà àdúgbò ẹ̀ nínú gbogbo orin, tó fi kọ́lé, tí wọ́n wá pa ọmọ àdúgbò yẹn tán tó ní òun ò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ orin ká jó ká yọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ jàre.

Ohun tójú olórin tó bá sọ̀rọ̀ ń rí náà ò jọra. Ní Nàìjíríà orin ni wọ́n ń tì mọ́lé. Ní April 2025 wọ́n tún ní kí rédíò má gbé orin Eedris míì sáfẹ́fẹ́, Eedris yẹn kan náà o, lẹ́yìn ogún ọdún ó lé! Níbí ìjọba kì í sábà ní kí rédíò má gbé e, àmọ́ wọ́n lè gbé orin lọ sí kóòtù lọ ṣe ẹlẹ́rìí. Ní November 2023, adájọ́ l'Atlanta gbà kí wọ́n ka lára orin Young Thug, olórin rap, sétígbọ̀ọ́ àwọn ìgbìmọ̀ tó máa dá ẹjọ́ ẹ̀. Ẹ̀sùn ẹgbẹ́ ọ̀daràn àdúgbò ni wọ́n torí ẹ̀ gbé e lọ sí kóòtù, kì í ṣe orin ìjà fún aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn á ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó la ẹnu. California tiẹ̀ ti ṣòfin ní 2022 kírú ẹ̀ má rọrùn.

December tó kọjá mo mú ọmọ mi lọ sílé. A wọ Micra l'Ójóò, fújì ń dún, àwa mẹ́rin há mọ́ra lẹ́yìn. Nígbà tá a kọjá Sángo dẹ́rẹ́bà nawọ́, ó dín in kù. Mo wo ọmọ yìí, ó ti tẹ́ ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì lé orúnkún, ó na gbogbo ìka ẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Dẹ́rẹ́bà bọ ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó sún síwájú, fújì tún bẹ̀rẹ̀, ìyá ẹ̀gbẹ́ wa bá bú wọn, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Títí a fi dé Mọ́kọ́lá, ọwọ́ ọmọ mi ò kúrò lórí orúnkún ẹ̀.